Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ, "ó dàbọ̀" ló ń jẹ́ níbí

Bàbá Ìkókó, Stuttgart

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí ìyàwó mi bímọ, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Màmá mi ti fi orúkọ mẹ́sàn-án ránṣẹ́ láti Òṣogbo, wọ́n ní àwọn ò tíì parí. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni Adétòkunbọ̀, kí a máa pè é ní Adé nínú ilé.

Ni mo bá sọ ọ́ fún ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní kí n kàn tẹ́tí sílẹ̀ tí mo bá tún wọ ilé búrẹ́dì. Mo débẹ̀ láàárọ̀ àná. Màmá àgbàlagbà tó wà níwájú mi gba ṣéńjì, ó kó búrẹ́dì sápò, ó kọjú sí gbogbo wa, ó ní "Ade!" Gbogbo ìlà dáhùn: "Ade!" Ó dàbọ̀ ni o. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn tí wọ́n bá ń lọ ní apá gúúsù Jámánì níbí nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò fọkàn sí i rí.

Ẹ wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú ọmọdé, kí n máa ké "Adé! Adé!", kí àwọn òbí yòókù máa juwọ́ sí mi. Ṣé kí n pa orúkọ náà tì ni? Ìbéèrè kejì: ṣé òótọ́ ni pé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ lè ní àwọn ò gba orúkọ wa?

Ìyá Ìbejì, Malmö

Ẹ kú ojú lọ́nà. A á gbọ́ ohùn ìyá, a á gbọ́ ohùn ọmọ.

Tiyín kéré. Olúwakẹ́mi ni wọ́n sọ èmi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ sí ilé ìwé ńlá ní Sweden, mo rí orúkọ mi lára ilẹ̀kùn kan, KEMI gàdàgbà gadagba. Mo rò pé wọ́n ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn òbí, pé bóyá wọ́n ní kí n wá jókòó síbẹ̀. Mo kanlẹ̀kùn, mo wọlé. Àwọn ọmọ tó wọ awò ojú ńlá ńlá ni mo bá, iná kékeré ń jó lórí tábìlì. Kẹ́mísìrì ni "kemi" lédè wọn! Mo tọrọ àforíjì, mo jáde, mo padà lọ ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sí olùkọ́ kankan tó gbàgbé orúkọ mi níbẹ̀. Ẹ má pa Adé tì.

Fún ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ wa níbí: oṣù mẹ́ta lẹ ní láti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́, Skatteverket lẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn agbowó-orí. Wọn ò jẹ́ kí ọmọ kúrò lọ́wọ́ wọn láti kékeré.

Ọmọ Ìbàdàn, Budapest

Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì jìyà. Babátúndé ni mí.

Ní Hungary, "baba" ni ọmọ-ọwọ́. Tünde sì jẹ́ orúkọ obìnrin, ó wọ́pọ̀ gan-an. Akéwì wọn kan, Mihály Vörösmarty, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ó fà á yọ lára "tündér", ìyẹn iwin. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Bàbá ńlá mi ló padà wá sáyé tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ yìí. Mo wá dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, mo tó mítà kan àti ẹ̀wá lé lọ́gọ́rin, irùngbọ̀n dé àyà, nọ́ọ̀sì jáde, ó ń wá ọmọ-ọwọ́ iwin. Ó wò mí, ó wo ìwé, ó tún wo ẹ̀yìn mi bóyá mo gbé ẹnì kan pọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n, Leeds

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí, ìkékúrú ni. Ola wà ní Norway, orúkọ ọkùnrin ni; Ola wà ní Poland, àwọn Aleksandra ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, obìnrin. Ṣọlá dé Ítálì, ó di "òun nìkan". Bọ́lá dé Brazil, ó di bọ́ọ̀lù. Dúpẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ó di ayédèrú. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ Modúpẹ́olúwa kó rántí ayédèrú? Ẹ kọ orúkọ náà ní kíkún sínú ìwé ìbí. Ìkékúrú, ọmọ fúnra rẹ̀ á yan èyí tó bá fẹ́ tó bá dàgbà.

Ibi tí ìṣòro gidi wà nìyí, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa. Àkọ́bí wa ni Olúwatóbilọ́ba. Lọ́jọ́ tí mo lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo fi àyè kékeré sáàárín, "Oluwa Tobiloba", pé kó rọrùn fún wọn láti kà. Akọ̀wé fi Oluwa sí orúkọ àkọ́kọ́, ó fi Tobiloba sí orúkọ àárín. A ò fura. Ó di ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, yàrá kún fọ́fọ́, nọ́ọ̀sì yọjú, ó ké tantan: "Oluwa! Is Oluwa here?" Ìyàwó mi ò lè dáhùn. Ó ní báwo lòun á ṣe dìde pé òun ni Olúwa, tàbí pé Olúwa ló ń tọ́ sí òun lára yìí? Màmá Yorùbá kan tó ń nulẹ̀ lẹ́yìn ló dáhùn: "Ó wà níbí o, Ó wà níbi gbogbo."

Nítorí náà ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní England, ọjọ́ 42 lẹ ní láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ní Scotland, 21 ni. Tí àṣìṣe irú tèmi bá ṣẹlẹ̀ ní England, ẹ lè tún orúkọ ọmọ ṣe láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Tí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé àyípadà orúkọ ló kù, ìwé ìbí ò ní yí padà.

Kí ẹ tó wá lẹ gbólóhùn gígùn pọ̀ jù: ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ ìwé ìrìnnà, àyè lẹ́tà 39 péré ló wà níbẹ̀ fún orúkọ ìdílé àti orúkọ ọmọ lápapọ̀, pẹ̀lú àmì tó là wọ́n láàárín. Ohun tó bá kù, gígé ni. Kò sì gba àmì ohùn, kò gba àmì ìsàlẹ̀. Òjó, òjò, ọjọ́, bákan náà ni gbogbo wọn rí níbẹ̀.

Alhaji, Houston

Ẹ̀gbọ́n Leeds, ohun tí wọ́n ṣe fún Olúwa ni wọ́n ń ṣe fún àwa tí a ń jẹ́ Abdul. "Ìránṣẹ́ ti" ni, ọ̀rọ̀ ò sì tíì parí. Abdul-Ganiyu ni mí, ìránṣẹ́ Ọlọ́rọ̀. Wọ́n gé Ganiyu jù nù níbi iṣẹ́ mi, mo wá di ìránṣẹ́ láìní ọ̀gá.

Bàbá Ìkókó, ẹ rántí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ ọmọ. Giannis Antetokounmpo tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù, Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn. Athens ni wọ́n bí i sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń dún bíi "d" tàbí "b" tiwa kò sí lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, "nt" àti "mp" ni wọ́n máa ń so pọ̀. Wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ ọ́, wọ́n tún dá a padà sí lẹ́tà tí ayé ń kà nígbà tó gba ìwé ìrìnnà wọn ní 2013, ohun tó jáde nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti ń pariwo rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò mọ̀ pé ọmọ ilé ni.

Ìmọ̀ràn mi: kí gbogbo ìdílé jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí bí wọ́n á ṣe máa kọ orúkọ. Lásísì ni bàbá wa ń kọ, bí àwọn baba wọn ṣe ń pe Abdul-Azeez nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ó di Azeez. Ọdún tí mo fẹ́ mú un wá síbí, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, orúkọ ìdílé méjì! Ìwé ìbúra mẹ́ta ni mo ṣe.

Àǹtí, Hamburg

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, torí ẹ̀fẹ̀ ti gba ilé kan.

Ilé ìwòsàn ni yóò fi ìròyìn ìbí ránṣẹ́ sí Standesamt, ìyẹn ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Jámánì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ ò bá tíì ní orúkọ, oṣù kan ṣì wà fún yín, nítorí náà ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọn kì í sábà kọ orúkọ tí àwọn ènìyàn ń jẹ́ níbìkan. Akọ̀wé tí kò gbọ́ ọ rí lè béèrè ẹ̀rí. Ẹ̀ka kan wà ní Yunifásítì Leipzig tó ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ èdè Jámánì ní Wiesbaden náà máa ń kọ ìwé fún ènìyàn. Owó ni o, ẹ má tíì lọ síbẹ̀ àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ.

Ohun tó máa ń da àwa láàmú tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí orúkọ fi hàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Orúkọ tiwa ńkọ́? Ayọ̀délé, Táíwò, Olúwaṣeun, ta ló mọ̀? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ilẹ̀ wọn ló yanjú rẹ̀ ní December 2008, lórí orúkọ àwọn ará Íńdíà kan, Kiran. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé kan ṣì máa ń béèrè. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo fi oríkì sí orúkọ kejì. Oríkì kì í fi akọ pe abo: Àkànní ò lè jẹ́ obìnrin, Àbẹ̀kẹ́ ò lè jẹ́ ọkùnrin. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní òun á máa sọ fún àwọn míì.

Ìyá Kofi, London

Ará Aṣante ni ọkọ mi, a ò fa ọ̀rọ̀ gùn nílé wa: ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí ọmọ, Kofi ni. Bí ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Jímọ̀ lọ́dọ̀ tiyín, Alhaji.

Ìjà tí a jà ni ti àwọn ìbejì tó tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Panyin, àgbà. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Kakra, kékeré. Mo ní ká má rí i! Táíwò ni Kẹ́hìndé rán níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò, ta wá ni àgbà nínú ẹni tó ń ránni àti ẹni tí wọ́n ń rán? Títí dòní, tí a bá fẹ́ pín ẹran, ọmọ tí mo kọ́kọ́ bu fún kọ́ ni bàbá wọn kọ́kọ́ ń bu fún. Ohun tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé wọ́n ní Ìdòwú: Tawia. Wọ́n tún ní Àlàbá: Nyankomago.

Olùkọ́, Salvador

Ìdòwú wà níbí náà, ìyá. Ní Bahia, 27 September ni ọjọ́ Cosme àti Damião, ẹni mímọ́ méjì tí wọ́n fi bo Ìbejì mọ́lẹ̀. Wọ́n á se ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Ẹ wo ère wọn dáadáa, ọmọ kékeré kan máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì. Doum lorúkọ rẹ̀. Ìdòwú ni. Ní Cuba ẹ̀wẹ̀, Taewo, Kainde àti Ideú ni wọ́n ń pè wọ́n. Kò sí ìwé ìbí kankan tó gbé àwọn yẹn kọjá òkun o, ẹnu lásán ni.

Bàbá Ìkókó, Stuttgart

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ó ti dé! Obìnrin ni, ìyá rẹ̀ wà ní àlàáfíà.

Agbẹ̀bí sọ fún wa lẹ́yìn ìbí pé ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, pé òun yọ ọ́, pé kì í ṣe ohun bàbàrà. Bí ẹní ń sọ pé òjò ń rọ̀ lóde ló ṣe sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù báyìí, mo gbọ́ tí wọ́n fọwọ́ lu itan: "Ẹ kó orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn dànù jàre! Ó ti mú tirẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run. Àìná ni." Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni, Òjó ni ì bá jẹ́, àwọn ará Spain ì bá sì máa pè é ní ojú. Orí yọ wá.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí Àǹtí Hamburg ṣe ní kí n kọ ọ́: Aina Adetokunbo Abeke. Akọ̀wé ò béèrè ohunkóhun ju pé kí n sọ lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo fẹ́ jáde, ó ní "Ade!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún un pé orúkọ kejì nìyẹn.

Ọmọ Ìbàdàn, Budapest

Ẹ kú ewu ọmọ o! Àlùbáríkà. Àǹtí mi tó wà ní Helsinki ní kí n sọ fún yín pé "aina" wà lédè Finland. "Nígbà gbogbo" ló túmọ̀ sí.

Bàbá Ìkókó, Stuttgart

Aago mẹ́ta òru nìyí, ó ṣì ń ké. Wọn ò purọ́.