Ẹ má pa «àtọwọ́dá» tì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Mo ka àbá yín lánàá pé kí á pa «ọgbọ́n àtọwọ́dá», orúkọ tí à ń pe AI, tì, kí á máa pè é ní «ẹ̀rọ onílàákàyè», torí «àtọwọ́dá» ń dún bí ayédèrú létí yín. Ẹ má bínú, n ò gbà.

Àǹtí mi tó ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà fẹ́ yá owó lórí fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n ní kò yẹ lẹ́ni tí à ń yá lówó. Ó pè wọ́n, ọmọkùnrin kan gbé e: «Ẹ má bínú mà, kì í ṣe àwa o, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀.» Àǹtí ní, «Ẹ̀rọ ọ̀hún, ọmọ ta ni?» Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Ìbéèrè yẹn ló wà nínú «àtọwọ́dá». Ọwọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò bèèrè pé ọwọ́ ta. «Onílàákàyè» ń kọ́? Nílé-kéwú wa nÍsàlẹ̀ Èkó, àáfà kọ́ wa pé wọ́n ti gbé kálámù, gègé tó ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn, kúrò lórí ẹni tó ń sùn, ọmọdé àti wèrè. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ bá pé là ń bi léèrè. Tí ẹ bá wá gbé làákàyè wọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ni yóò máa jẹ́jọ́, olówó rẹ̀ á sì máa ṣe fàájì rẹ̀ lọ.

Òfin pàápàá, ọwọ́ ló ń wá. Èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá ní 2024 ka ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ẹni tó yẹ kí á yá lówó mọ́ àwọn tó léwu gidi, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àtèyí tó ń fi í ṣòwò ló sì di ẹrù lé lórí. Òfin tiwa ní Nàìjíríà lórí ààbò ìsọfúnni, ti 2023, sọ ní abala 37 pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ó yọ àwọn àyè kan sílẹ̀, bí àdéhùn, síbẹ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ lè rí èèyàn bá sọ̀rọ̀.

«Ìkóníjàánu» tí ẹ dá lábàá dípò «ìṣàkóso», fún fífi òfin de irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, dùn mọ́ mi. Àmọ́ ẹ wo «ìkóra-ẹni-níjàánu» tí wọ́n ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹni tí à ń kó wà láàárín ọ̀rọ̀. Tiyín ò ní ẹnì kankan láàárín. Ẹ jẹ́ kó di «ìkó-ẹlẹ́rọ-níjàánu». Mo mọ̀ pé ẹlẹ́rọ ni à ń pe ẹni tó ń bá wa lọ ata. Kò burú. Ata mi dà nù lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ àdúgbò wa rí, kò sọ pé ẹ̀rọ ló dà á. Ó rán ọmọ níṣẹ́ kó lọ ra òmíràn.