Ẹ̀yin tó ń mú ẹni fífúyẹ́ nínú Smash, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Láti Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Jigglypuff ni mo ń mú nínú géèmù ìjà tó ń jẹ́ Super Smash Bros. Ultimate. Èmi kọ́ ni mo yàn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló nawọ́ páàdì sí mi lọ́jọ́ Sátidé kan tó ní, "Bọ̀dá, ẹ mú èyí, kò le rárá." Òun mú Bowser. Mo wo nǹkan róbótó aláwọ̀ pínńkì tó dà bíi fèrè ọjọ́ ìbí, mo tún wo ìjàpá gàgàrà tó ń yọ iná lẹ́nu níwájú rẹ̀, mo ní kò burú. Mi ò tíì mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ju ẹ̀ṣẹ́ tí ó fi gbá mi jáde kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀: 41%. Mo ní ṣé bí èèyàn ṣe ń kú níbí nìyí? Ó ní, "Ẹ fúyẹ́ ni, Bọ̀dá."

Ẹni tí kò bá mọ géèmù yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń dínkù títí á fi tán níbẹ̀. Pasẹ́ńtì ló ń gòkè. Bó bá ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ kan náà á ṣe máa gbé ọ lọ jìnnà sí i, títí wàá fi fò kọjá etí tẹlifíṣọ̀n pátápátá, ẹ̀mí kan lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n ara ti wọ ọ̀rọ̀. Bowser jẹ́ 135, Mario jẹ́ 98, Jigglypuff jẹ́ 68. Nínú gbogbo wọn, Pichu tó jẹ́ 62 nìkan ló fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ̀ṣẹ́ tí Bowser gbà tó fi mira lásán, èmi ti wà lọ́run.

Oṣù bíi mẹ́ta ni mo fi ń bú ìwọ̀n ara. Nísinsìnyí mo ti yí ohùn padà. Ohun tó ń pa Jigglypuff gan-an ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrú. Kó tó lè kan ẹnikẹ́ni, àfi kó wọ inú ilé onítọ̀hún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bá a. Ìfúyẹ́ kàn ń gba gbèsè ni, ọwọ́ kúkúrú ló jẹ ẹ́.

Nítorí ìfúyẹ́ náà ní oore tirẹ̀. Àwọn abara-wúwo, bí wọ́n bá fi ẹ̀ṣẹ́ kan bà wọ́n, wọn ò kúrò níbẹ̀, ìkejì á bá wọn, ìkẹta á bá wọn. Ẹ wo Donkey Kong lọ́wọ́ ẹni tó mọ kọ́ńbò, ẹ máa ṣàánú rẹ̀. Èmi, ẹ̀ṣẹ́ kan tàbí méjì ti gbé mi kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó. Mo ti ń fò lófuurufú báyìí, ibẹ̀ sì ni ilé mi. Lórí ilẹ̀, Jigglypuff ń rìn bí ìyá arúgbó tó ń bọ̀ láti ọjà. Lófuurufú, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló lè sáré tó o, ó sì tún lè fò lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀. Mo máa ń lé ènìyàn jáde kọjá etí pèpéle, mo gbá a, mo tún fò, mo tún gbá a, títí kò fi ní lè padà sílé mọ́. Èmi á sì fara balẹ̀ léfòó padà. Àmọ́ ẹ má jẹ gbogbo ìfò yẹn tán o! Ohun tí àwọn yòókù ń tẹ̀ tó máa ń gbé wọn sókè padà, ti Jigglypuff, orin ló máa ń kọ. Ó ń já bọ́ sínú ọ̀gbun, ó ń kọrin.

Rest wá ni idán rẹ̀. Wàá sún mọ́ ènìyàn débi pé ara á kan ara, wàá tẹ ìsàlẹ̀ àti bọ́tìnì B pọ̀, Jigglypuff á dijú, á sùn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kan tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn á fò bí ẹni tí ìbọn gbé. Bí o bá tàsé, oorun náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni yóò fi sùn, ẹni tó wà níwájú rẹ á sì ní àyè láti mumi kó tó pa ọ́.

Èmi rèé. Ẹ̀yin ńkọ́?

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Kirby ni tèmi, 79. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Kánádà ló fi Switch, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta géèmù yìí, sílẹ̀ fún wa.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ kúkúrú yẹn, mo sì ní ẹ̀rí. Ẹ wo Sephiroth. Òun náà, 79. Kò wúwo ju Kirby mi lọ rárá, àmọ́ ta ni mo ti gbọ́ tó ń ké pé òun mú Sephiroth, òun fúyẹ́, òun ń jìyà? Idà rẹ̀ gùn débi pé ó lè dúró sí Dùgbẹ̀ kó gún ọ ní Mọ́kọ́lá. Kí ló fẹ́ fi ìwọ̀n ara ṣe? Èmi tí mo jẹ́ 79 bíi tirẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gùn ju ìka lọ. Bí mo bá rí onídà báyìí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé.

Àmọ́ kúkúrú ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí Kirby bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀bà tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọta tí wọ́n ń yìn wá láti ọ̀ọ́kán ló máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀gbẹ́ni kan ń yìnbọn sí mi bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kàn bẹ̀rẹ̀, mi ò mira. Ó yìn, ó yìn. Nígbà tó sú u, òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá. Mo gbé e mì létí pèpéle, mo tu ú síta. Inú mi dùn jọjọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó wúwo lè fara da àṣìṣe kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà. Tèmi, bí àwòrán bá ti dúró díẹ̀ báyìí, tó fi máa tún lọ, mo ti kú. Mi ò tíì sọ ti ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná.

Láti Houston

Mr. Game & Watch, 75. Ẹ má bínú, èmi ò rí ìyà kankan. Ó fúyẹ́ bí bébà, bébà náà ló sì jọ, àmọ́ bí wọ́n bá ń lu asà rẹ̀, ìfò kan ṣoṣo ló máa fi bọ́ kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń lù ú á sì gba tirẹ̀ lọ. Òòlù rẹ̀ wá ni ayò. Nọ́ńbà kan láti 1 dé 9 ló máa yọ. 9 máa ń pa ènìyàn tí pasẹ́ńtì rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. 1 máa ń pa ẹni tó ni òòlù lára. Ìyàwó mi ò gbà kí n máa lò ó mọ́, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sílé pẹ̀lú ìbínú.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Èmi kò ní Switch. Ilé géèmù ni mo dàgbà sí, ìdíje Street Fighter, géèmù ìjà mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dínkù títí á fi tán, ni tiwa, Akuma ni mo sì ń mú láti ìgbà Street Fighter IV. Nígbà náà, Ryu ní ẹ̀mí 1000, Zangief ní 1100, Akuma mi ní 850. Nínú Street Fighter 6 náà, tí wọ́n mú un wọ̀ ní 2024, 9000 ló ní níbi tí ọ̀pọ̀ ti ní 10000, tí Zangief sì ní 11000.

Ẹ̀yin ń sọ pé fífúyẹ́ ní oore. Tèmi ò ní oore kankan. Wọn ò lù mí kí n fò jìnnà, ibi tí mo wà náà ni wọ́n ti máa lù mí tán. Kọ́ńbò tó bá Ryu bá èmi náà délẹ̀délẹ̀, kìkì pé ẹ̀jẹ̀ tèmi ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Owó ọjà lásán ni. Wọ́n ní, "Àwọn nǹkan tó o ní ti pọ̀ jù, san owó rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí." Iná tó lè jù sílẹ̀ láti ojú òfuurufú, bó ṣe ń yọ́ kọjá lára ènìyàn, àti èyí tó máa ń mú ènìyàn wọ òkùnkùn tí ìwọ ò fi ní rí ohun tó ń ṣe ọ́, àfi ìró.

Ọjọ́ kan tí mi ò lè gbàgbé, ọ̀gá kan wọlé tó mú Zangief. Gẹnẹrétọ̀ ń ké, owó wà nílẹ̀. Mo ń lù ú láti ọ̀ọ́kán, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá gba owó ilé. Mo ti lù ú tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó mú mi lẹ́ẹ̀kan, ó yí mi nínú afẹ́fẹ́, ó sọ mí mọ́lẹ̀. Mo dìde, ó tún mú mi. Ó parí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré! Àwọn tó wà lẹ́yìn mi pariwo débi pé onílé wá wò wá. Gbogbo nǹkan dáadáa tí mo ti ń ṣe bọ̀ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́.

Nítorí náà, nínú tiwa, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ kéré kò lè gba ẹyọ àṣìṣe kan. Ẹ̀yin lè fò padà wálé, ẹ má bú Ọlọ́run.

Láti Brooklyn

Bọ̀dá Abẹ́òkúta, ẹ wá wo Pichu. 62. Gbogbo ìjà rẹ̀ tó ní mànàmáná nínú, ara rẹ̀ náà ló ń jó. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ gba pasẹ́ńtì ni wọ́n wá fún ní idà tó ń gé ọwọ́ ẹni tó mú un. Nígbà tí géèmù náà jáde ní oṣù Kejìlá 2018, Pichu le débi pé ẹkún sọ, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019: ara rẹ̀ rọrùn láti bà sí i, mànàmáná náà sì ń dun òun fúnra rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti kú rí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà, èmi gan-an ni mo lu ara mi jù. Mi ò tíì fi í sílẹ̀ ṣá.

Láti Peckham

Bọ̀dá Abẹ́òkúta, mo gbà fún yín. Tiyín kì í ṣe ìfúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó kéré ni. Mi ò ro ìyàtọ̀ yẹn rí.

Mo gbàgbé ohun kan tí mo yẹ kí n sọ lókè. Asà. Bí asà àwọn yòókù bá fọ́, wọ́n máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ìdúró bí ẹni tó mu ẹmu jù. Bí ti Jigglypuff bá fọ́, ó máa fò lọ sókè bíi fèrè tí okùn rẹ̀ já, àfi tí òrùlé bá wà lókè orí rẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Marth ló kọ́ mi. Mo rọra fara pamọ́ sẹ́yìn asà mi, ó fa idà sẹ́yìn, ó di í mú, ó gún asà náà lẹ́ẹ̀kan. Mo ní 0%. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà mi ò dá asà mọ̀ mọ́. Mo máa ń sá ni.

Ìgbà tó yá ni mo lọ wo bí àwọn ọ̀gá ṣe ń lò ó nínú Melee, Smash àtijọ́ ti ẹ̀rọ GameCube tó jáde ní 2001. Juan DeBiedma tí wọ́n ń pè ní Hungrybox fi Jigglypuff gba ife Evo, ìdíje ńlá àwọn géèmù ìjà, ní 2016. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí kì í ṣe kánjú. Á máa léfòó síwá sẹ́yìn, ìka díẹ̀ ló máa kù kí idà bà á, á tún padà. Àwọn kan ní ó ń sú àwọn láti wò. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, mo ti mọ ohun tó ń sá fún.

Sátidé tó kọjá la wá pààrọ̀. Ọmọ yẹn ní òun fẹ́ mú Jigglypuff, kí èmi mú Bowser. Mo rò pé màá sinmi. Ẹ̀yin ará, ara Bowser yẹn fẹ̀! Kò síbi tí mo lè yà sí. Ó ń gbá mi, mi ò fò lọ, ó tún ń gbá mi, mo kàn dúró bí ilẹ̀kùn. Pasẹ́ńtì mi ti kọjá 100, mo ṣì wà láàyè, àmọ́ irú ayé wo nìyẹn? Nígbà tó yá ó sáré wọ abẹ́ àgbọ̀n mi, ó tẹ Rest, ó tàsé.

Ó ń sùn níwájú mi. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mo gbé ẹsẹ̀ Bowser sẹ́yìn, mo di bọ́tìnì mú kí agbára rẹ̀ lè kún dáadáa. Ọmọ náà ti gbé páàdì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá rẹ̀ pè láti kíṣíìnì pé iyán ti ń tutù, mo yíjú wo ẹ̀yìn pé "À ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ọwọ́ mi yọ̀ lórí bọ́tìnì. Ẹsẹ̀ Bowser gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Jigglypuff lajú.