Láti oṣù Kẹta ni bọ́ọ̀lù kò ti gbọ́ tèmi mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ṣadé

Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbànújẹ́ ni mo fi ń kọ èyí, ẹ má bínú bó bá gùn.

Ó di ọdún 11 tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Hándíkáàpù mi, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n máa ń yọ fúnni, tó bá ṣe kéré tó lèèyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, ti wà ní 16 tipẹ́. N kì í ṣe ọ̀jáfáfá, àmọ́ mo máa ń gbá bọ́ọ̀lù mi délé. Láti oṣù Kẹta ọdún yìí, gbogbo ẹ̀ dojú rú. Sátidé tó kọjá a ní ìdíje ní kílọ́ọ̀bù. Èrò pọ̀ níbi tíì àkọ́kọ́, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo yọ dráífà, igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, tuntun ni, owó gidi ni mo fi rà á, mo fì í, orí bọ́ọ̀lù nìkan ló bà. Bọ́ọ̀lù ń yí gbirigbiri lọ bí ọsàn tó já bọ́ lórí àtẹ, kò tilẹ̀ dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń gbá tiwọn. Ọkùnrin kan tí hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 24, tó jẹ́ pé agboòrùn mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbá 109 ni mo fi parí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù ló ń borí. Kádì tó ti ń gbé báàgì mi láti ọdún mẹ́fà kò lè wò mí lójú.

Nílé náà, kò sí ìsinmi. Lọ́jọ́ Àìkú mo kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn láàárín oṣù méjì. Ìyàwó mi ní gọ́ọ̀fù ti gba ọkàn mi débi tí n kò fi rí iwájú mi mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Kì í ṣe pé n kò sapá o. Fídíò 43 ni mo tọ́jú sórí fóònù. Kí n tó gbá bọ́ọ̀lù, mo máa ń rán ara mi létí pé: tẹ orúnkún díẹ̀, má gbé orí, jẹ́ kí ọwọ́ òsì nà gbọọrọ, má tètè ká ọrùn ọwọ́, yí èjìká ju ìdí lọ, lẹ igbúnwọ́ ọ̀tún mọ́ ìhà, ìdí ni kó ṣáájú bí igi bá ń bọ̀ wálẹ̀, má kánjú. Mẹ́jọ nìyẹn, mo sì ń ṣe gbogbo wọn. Kí ló kù tí n kò tíì ṣe?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrora. Kò sí èyí tó kù, ńṣe ló pọ̀ jù. Láti ìgbà tí igi bá ti kúrò lókè títí tó fi máa kan bọ́ọ̀lù, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Kí ẹ tó pe “orúnkún” tán nínú ọkàn yín, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ta ló máa ka nǹkan mẹ́jọ láàárín ìyẹn? Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí ìyókù máa lọ.

Ọ̀gá Pápá

Orí lẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá ń gbá orí bọ́ọ̀lù, orí ló ń gbé. Ẹ tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù.

Alàgbà Kúdẹtì

Bàbá Ṣadé, ẹ rọra. Kádì ni mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà yẹn, kò sí koríko níbi ihò, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ni, búráwùn là ń pè é. Bí ọ̀gá ẹ bá fẹ́ pọ́ọ̀tì, ìyẹn kó rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, ìwọ ni wàá fi irin tẹ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó dán. Òórùn epo yẹn kò ní kúrò lára aṣọ wa títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní suwíìngì, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń fì igi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ka igi tó tẹ̀ lórí la fi ń gbá bọ́ọ̀lù tó bá sọnù sínú igbó. Àmọ́ gbogbo wa ti lo langalanga nílé ìwé. Ẹ rántí langalanga? Bí ẹ bá fi agbára dì í mú, apá á ro yín, koríko á kàn tẹ̀ ni, kò ní gé. Bí ẹ bá rọ ọwọ́, tí ẹ jẹ́ kí irin yẹn fúnra rẹ̀ máa lọ máa bọ̀, ẹ óò gbọ́ “fíìn”, koríko á sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ń yí, ẹsẹ̀ ń yí, kò sí ọmọ kankan tó ń ronú nípa ìdí. Ibi tí koríko wà là ń wò. Bí mo ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù títí dòní nìyẹn, mo sì ti lé ní 70 ọdún.

Àbẹ̀kẹ́ ní Houston

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ̀rọ̀ agboòrùn, ẹ ti sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ibo ni bọ́ọ̀lù máa ń lọ bí ẹ bá gbá a dáadáa? Ṣé orí bọ́ọ̀lù lẹ máa ń gbá nígbà gbogbo, àbí ẹ máa ń gbá ilẹ̀ náà? Ta ló ń kọ́ yín? Kí ló yí padà ní oṣù Kẹta?

Bàbá Ṣadé

Ẹ ṣé gan-an ni. Alàgbà, langalanga yẹn mú mi rántí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀fù òde òní ti kúrò níbi tí ẹ fi í sí, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà wò ó. Ọ̀gá Pápá, n kì í gbé orí, mo ti ya fídíò ara mi, àgbọ̀n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ àyà.

Ní ti ẹni tó ń kọ́ mi, mo ní olùkọ́. Ọ̀kan wà ní kílọ́ọ̀bù wa. Ọ̀kan ń bá mi ṣe é ní Ọjọ́bọ̀ ní rénjì, ibi tí a ti ń fi bọ́ọ̀lù dánra wò. Ẹ̀kẹta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ń fi fídíò ránṣẹ́ sí i, ó ń fi èsì ránṣẹ́. Olúkúlùkù wọn mọ iṣẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Olùkọ́ mẹ́ta! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ẹ̀yin ń lé mẹ́ta. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún yín?

Bàbá Ṣadé

Rárá. Ti kílọ́ọ̀bù ní kí n máa fì igi yípo ara mi. Ti rénjì ní kí n gbé ọwọ́ ga sókè. Ti Lọ́ńdọ̀nù ní méjèèjì dára, ọrùn ọwọ́ ni ìṣòro mi. Mo ń gba èyí tó wúlò lára ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó mi ni mo ń ná, n kò yáwó.

Ìṣọ̀lá

Kò sẹ́ni tó ní ẹ yáwó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló sọ pé suwíìngì gbọ́dọ̀ lẹ́wà? Jim Furyk ará Amẹ́ríkà, bí igi rẹ̀ ṣe ń yí lókè, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ó gba US Open ní 2003. Ní 2016 ó gbá 58, òun ló kọ́kọ́ gbá irú ẹ̀ ní PGA Tour, ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí igi bá dé ìdí bọ́ọ̀lù, ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ kọ ló ń kọ. Ìyẹn nìkan ni bọ́ọ̀lù mọ̀.

Ọ̀gá Pápá

Ìṣọ̀lá, má ṣi Bàbá Ṣadé lọ́nà. Furyk kan ló wà. Nick Faldo ará England fọ́ suwíìngì rẹ̀ túútúú, ó tún un mọ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń jẹ́ David Leadbetter, bí ọdún méjì ló gbà á. Ó gba Open ní Muirfield ní Scotland lọ́dún 1987, ihò 18 tó gbá lọ́jọ́ ìkẹyìn, páà ni gbogbo wọn, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n là sílẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́. Májọ̀, ìyẹn àwọn ìdíje tó tóbi jù lọ, mẹ́fà ló gbà lápapọ̀. Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ?

Ìṣọ̀lá

Olùkọ́ mélòó ni Faldo ní lásìkò yẹn? Ẹ dáhùn ká gbọ́.

Alàgbà Kúdẹtì

Ẹ má jà. Ṣé ẹ mọ Papwa Sewgolum? Ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Durban ní South Africa, kádì bíi tiwa. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀, tọ̀tún lókè, òdì kejì bí gbogbo ayé ṣe ń di igi mú. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní irú ẹ̀, àrà ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó gba Dutch Open lẹ́ẹ̀mẹta, 1959, 1960 àti 1964. Lọ́dún 1963 ó gba Natal Open, òjò ń rọ̀, àwọn aláwọ̀ funfun wà nínú ilé kílọ́ọ̀bù, ìta nínú òjò ni wọ́n ti gbé ife fún un torí pé òfin kò jẹ́ kó wọlé. Bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ yẹn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ọ̀gá Pápá

Alàgbà, a gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ suwíìngì Bàbá Ṣadé là ń sọ níbí.

Alàgbà Kúdẹtì

Òun náà ni mò ń sọ. Bí Papwa bá lọ bá olùkọ́ mẹ́ta, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni bó ṣe ń di igi mú.

Àbẹ̀kẹ́ ní Houston

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dáhùn ìbéèrè mi. Nǹkan mẹ́ta ló kù tí wọn ò tíì fèsì sí.

Bàbá Ṣadé

Má bínú, àbúrò mi. Nígbà míì orí bọ́ọ̀lù, nígbà míì ilẹ̀ ni mo máa ń gbá, bí ìka mẹ́rin sẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Èyí tí mo bá gbá dáadáa máa ń yà sọ́tùn-ún, ìyẹn ti pẹ́, mo mọ̀ ọ́n, mo ti ń bá a gbé. Ohun tó tilẹ̀ ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pọ́tà, igi tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Bọ́ọ̀lù tí kò ju gígùn ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ, etí pọ́tà ni mo fi ń gbá a. Kò sí ohun tó yí padà ní oṣù Kẹta yàtọ̀ sí dráífà.

Àbẹ̀kẹ́ ní Houston

Pọ́tà kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, pọ́tà kò ní ìdí tó ń yí, kò ní ọrùn ọwọ́ tó ń ká. Ọ̀pọ̀ nínú mẹ́jọ yín ni kò kàn án. Bí ẹ kò bá lè fi àárín pọ́tà kan bọ́ọ̀lù tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú yín, a jẹ́ pé suwíìngì kọ́. Ẹ tún ní ẹ kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ojú yín?

Bàbá Ṣadé

Ojú mi dára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba awò tuntun ni, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì

N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, ọkọ mi ló ń gbá gọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ awò ojú ni mò ń ṣe. Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ gba awò yẹn? Ṣé irú èyí tó jẹ́ pé òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà, tí kò sì sí ìlà láàárín?

Bàbá Ṣadé

Bẹ́ẹ̀ ni, irú ẹ̀ ni. Ìparí oṣù Kejì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Háà! Ẹ̀gbọ́n!

Ìyá Ìbejì

Ẹ má pariwo lé wọn lórí. Bàbá, ibi ìwé kíkà nínú awò yín, ohun tó bá wà níbi tí èèyàn ń gbé ìwé sí ló wà fún. Bí ẹ bá dúró ti bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, ó jìnnà sí ojú yín tó bíi mítà kan àti ààbọ̀. Ìsàlẹ̀ awò lẹ fi ń wò ó, á máa ṣe bàìbàì, á sì dà bíi pé kò sí níbi tó wà gan-an. Àtẹ̀gùn náà nìyẹn. Kí ẹ lè rí i kedere, ẹ máa ń tẹ orí ba kí ẹ lè fi òkè awò wò ó, ìdí nìyẹn tí àgbọ̀n yín fi lẹ̀ mọ́ àyà. Bí àgbọ̀n bá sì ti wà níbẹ̀, ibo ni èjìká máa gbà kọjá?

Awò náà kò bàjẹ́, kì í ṣe ti pápá ni. Ẹ padà lọ bá ẹni tó ṣe é, ẹ ní kó ṣe ti ọ̀nà jíjìn nìkan fún yín, òun ni kí ẹ máa wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá wọ eléyìí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ rọra tẹ orí ba, kí ẹ sì di irin ẹ̀gbẹ́ mú.

Ọ̀gá Pápá

Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti àkọ́kọ́? A ti ń jà látàárọ̀.

Bàbá Ṣadé

Ọ̀gá mi, ta ló ń fi ọ̀rọ̀ awò ojú sínú ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù? Ẹni ọdún 53 ni mí. Àwọn tí a jọ ń gbá kò mọ̀ pé n kò lè kàwé láìwọ awò mọ́, n kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àwọn olùkọ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i lójú mi, kò sẹ́ni tó béèrè.

Àbẹ̀kẹ́ ní Houston

Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá tèmi náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó gba tiẹ̀. Ẹ ṣáà má sọ awò di ìkẹsàn-án nínú ohun tí ẹ óò máa kà.

Bàbá Ṣadé

Mo padà wá jábọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ sí rénjì, èmi àti kádì mi nìkan. Mo wá awò mi àtijọ́ rí nínú dúrọ́ọ̀ mọ́tò, ti ọ̀nà jíjìn nìkan, apá rẹ̀ kan ti kán, òwú ni mo fi dì í. Mo yọ àyọ́ọ̀nù 7, ọ̀kan nínú àwọn igi mi tó ní orí irin. Mo tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù, mo rí gbogbo ihò kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń hàn bẹ́ẹ̀.

N kò ka nǹkan kan. Langalanga Alàgbà nìkan ni mo fi sọ́kàn. Mo gbá mẹ́wàá. Mo gbá orí ẹyọ kan. Mẹ́rin yà sọ́tùn-ún bí wọ́n ṣe máa ń yà tẹ́lẹ̀. Márùn-ún lọ gbọnrangandan. Ní ìkeje, kádì mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ ó mú bọ́ọ̀lù míì lé tíì, èèkàn kékeré tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé, fún mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí nǹkan ṣì dára.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́. Ẹni tó wà ní kílọ́ọ̀bù ni n ó dì mú, torí ó ń rí mi, kódà mo ti sọ ọ̀rọ̀ awò fún un. Kò rọrùn láti sọ fún àwọn méjì tó kù. Mo ti san owó oṣù yìí fún ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí owó yẹn lọ, ẹ̀gbọ́n. Fídíò 43 ńkọ́?

Bàbá Ṣadé

Mo ti pa 42 rẹ́. Èyí tó kù, Ṣadé ọmọ mi ló yà á lọ́dún 2019, èmi ni mo ń gbá níbẹ̀. N kò dúró pẹ́ lórí bọ́ọ̀lù rárá. Mo wò ó, mo fì í, mo sì yíjú sí ọmọ mi.