Èsì: Ẹ yọ ‘ìjọ’ kúrò lára ìgbìmọ̀ abúlé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kó ọ̀rọ̀ ìṣèjọba jọ fún wa kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní páríìṣì káńsù, ìyẹn ìgbìmọ̀ kékeré tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlú ní abúlé kan, ‘ìgbìmọ̀ ìjọ’ ni ká máa pè é. Owó tó ń ná, ‘owó ìjọ’. Alága rẹ̀, ‘baálẹ̀’. Àwọn kan ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, inú mi ò dùn rárá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹni tó sọ ọmọ yìí lórúkọ kò tíì dé ilé náà. Láti oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe kánsẹ́lọ̀ ní abúlé kékeré kan ní Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbèjà èdè wa: ‘ìgbìmọ̀ abúlé’ ló yẹ ká máa pe páríìṣì káńsù.

Orí ‘ìjọ’ gan-an ni wàhálà wà. Àlàyé ẹ̀gbọ́n ni pé ‘jọ’ ni gbòǹgbò rẹ̀, ‘jọ’ inú péjọ, inú àwùjọ, inú àgbájọ ọwọ́ tí a fi ń sọ̀yà, pé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í sọ gbòǹgbò lẹ́nu, ọ̀rọ̀ là ń sọ. Láti ìgbà tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ‘ìjọ’ sínú Bíbélì ni ọ̀rọ̀ náà ti bá ẹlẹ́sìn lọ. Ẹ sọ fún ìyálọ́jà kan ní Bódìjà pé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ lẹ ń lọ, ẹ gbọ́ ohun tí yóò bi yín: ìjọ wo? Ti Àgùdà ni àbí ti Áńgílíkà? Kò ní bi yín léèrè pàǹtí tàbí iná ojú títì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Láyé àtijọ́, ìpàdé tí wọ́n ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bójú tó aláìní, òun ló ń tún ọ̀nà ṣe. Òfin ọdún 1894 wá gba ohun tó kù nínú iṣẹ́ ìlú lọ́wọ́ ìpàdé yẹn, ó gbé e fún ìgbìmọ̀ tí ará abúlé dìbò yàn, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Inú òfin kan náà ni wọ́n ti yọ dúkìá tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ nínú ohun tí ìgbìmọ̀ náà lè máa tún ṣe, àríyànjiyàn lórí ìlà yẹn kò sì tán títí ilé aṣòfin fi tún là á yéni nínú òfin ọdún 2023. Ní Wales, orúkọ páríìṣì ti kúrò lára ìgbìmọ̀ wọn láti 1974. Ìgbìmọ̀ àwùjọ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní 2007, òfin mìíràn fún àwọn ti England láyè láti máa jẹ́ ìgbìmọ̀ abúlé bó bá wù wọ́n. Nígbà tí ẹni tó ni nǹkan ń bọ́ aṣọ ìjọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí ló dé tí àwa fẹ́ tún un wọ̀ fún un?

Èyí tó tún burú jù ni pé ìgbìmọ̀ ìjọ gidi wà nínú abúlé yẹn kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà láàárín abúlé ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, irú èyí tí àwọn Áńgílíkà wa nílé náà ní. Bí a bá fún káńsù lórúkọ yìí, kí la óò wá pe ti ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹnì kan sọ pé ṣebí àwọn káńsù náà ló ń gé koríko itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìyẹn tó ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Tí itẹ́ òkú bá kún, tí ìjọba ti í pa, ìgbìmọ̀ ìjọ lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ abúlé pé kí ó gba ìtọ́jú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ló ń kọ̀wé sí èkejì. Ẹ fi ‘ìgbìmọ̀ ìjọ’ sí ibi méjèèjì nínú gbólóhùn yẹn, kẹ́ ẹ wá kà á sókè.

Kí la tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń péjọ sí gbọ̀ngán abúlé. Akọ̀wé á ti lẹ ìwé ìpè mọ́ pátákó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé yẹn, a ò lè fẹnu kò lé e lórí. Ní oṣù Kẹwàá, bàbá àgbàlagbà kan wá sọ pé àpótí tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ajá sí lẹ́nu ọ̀nà pápá ti kún, ó ti ń dà sílẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i. Alága gbọ́ wọn dé òpin, ó dúpẹ́, ó ní akọ̀wé yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìpè oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tó kan ìwé ẹni tó fẹ́ fẹ ilé rẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa tí ilé rẹ̀ kángun sí i dìde, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, kò wọlé títí a fi parí ọ̀rọ̀ náà. A sọ èrò wa, a fi ránṣẹ́ sí káńsù ńlá tó wà lókè wa, ti dísíríìtì. Àwọn ló ni àṣẹ. Èrò nìkan la ní. Kòtò ojú títì pàápàá, ti káńsù kọ́ńtì, tó tún ga ju dísíríìtì lọ, ni. Òfin tún kà á léèwọ̀ fún wa láti ṣèpàdé nílé ọtí, àfi tí kò bá sí yàrá mìíràn tó yẹ, yálà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó tí kò gani lára. Iṣẹ́ ẹni tó jókòó, tó ń gbìmọ̀, ni gbogbo èyí. Nítorí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ ‘ìjọba abúlé’ tí ẹlòmíràn mú wá. Jẹ ọba ló wà nínú ìjọba, a ò sì jọba lórí ẹnikẹ́ni.

Owó ìjọ ńkọ́? Oṣù Kìíní la jókòó tì í: gígé koríko pápá ìṣeré, owó ìbánigbófò, owó oṣù akọ̀wé, òdòdó pupa tí a gbé síbi òkúta ìrántí àwọn tó kú lójú ogun ní oṣù Kọkànlá. A ṣírò rẹ̀, a kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí káńsù dísíríìtì, àwọn ló sì ń bá wa gbà á mọ́ owó orí ilé. Ẹnikẹ́ni ò lè ní òun ò san. Ọrẹ ìjọ, tinútinú la fi ń mú un wá. ‘Owó orí abúlé’ bá a mu wẹ́kú, ọmọ kékeré ò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Bàbá tó bí ìyá mi ṣe kánsẹ́lọ̀ nígbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1952 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà fún un. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe òfin yẹn, ìpele mẹ́ta ló sì ní. Lójú tèmi, káńsù tó kéré jù nínú wọn sún mọ́ páríìṣì káńsù ju ohunkóhun tí a ní lónìí lọ. Bàbá ò pè é ní ìjọ, wọn ò pè é ní ìjọba. Káńsù ni. Tí wọ́n bá ti ibẹ̀ dé, wọ́n á ní, ‘A gbìmọ̀ títí, kò yanjú.’ Àwọn àgbà yẹn mọ èdè! Bí wọ́n bá yá ọ̀rọ̀ lò, ó ti ní ohùn Yorùbá kó tó kúrò lẹ́nu wọn. Ní 1976 ni ìjọba ológun sọ ìpele gbogbo di ẹyọ kan, àwọn 774 tó wà nílẹ̀ báyìí ló sì ni orúkọ ‘ìjọba ìbílẹ̀’. Ẹ má fún abúlé Gẹ̀ẹ́sì.

Alága kì í ṣe baálẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní ‘baálé’ lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì ohùn yín àti àmì abẹ́ lẹ́tà: baálé ló ni agbo ilé, baálẹ̀ ló ni ìletò. Ẹni tó bá jẹ baálẹ̀, ó jẹ ẹ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Alága tiwa, oṣù Karùn-ún ọdọọdún la ń yàn án, ohun àkọ́kọ́ tí ìpàdé ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe sì ni.

Ó wá ku ọ̀dọ́mọkùnrin wa tó dá ‘àgbìmọ̀’ fún kánsẹ́lọ̀, tó ní ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín kò yàtọ̀ níbẹ̀. Wọ́n yàtọ̀ o. Akọ̀wé, apẹja, adájọ́, aṣòfin, agbẹjọ́rò: ohùn àárín ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ló ń ṣe é. Àyànfẹ́, àfẹ́sọ́nà, àkọ́bí: èèyàn làwọn náà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ṣe é sí wọn. Ẹ fi èmi wò ó. Ẹnikẹ́ni ò dìbò yàn mí. Àyè kan ṣófo, wọ́n lẹ ìkéde, olùdìbò mẹ́wàá kò kọ̀wé béèrè ìdìbò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá, àwọn tó wà lórí àga bá fà mí wọlé. Ọmọ Commonwealth tó ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke lè ṣe é, kò dìgbà tó bá di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àfàwọlé ni mí lọ́jọ́ yẹn, ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ sí ìwé pé mo gba iṣẹ́ náà, mo di agbìmọ̀, ohùn àárín. Bí ‘àgbìmọ̀’ bá wà, kí àbúrò mú gbólóhùn kan wá tí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà.

Àǹtí wa tó ń kọ̀wé láti Kétu ní ‘abúlé’ pàápàá kò yẹ, pé abúlé a máa ní ìlú tó bí i, tí ará abúlé ń padà sí fún ọdún àti ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká lo ‘ìletò’. Lóòótọ́, àwọn ará ibi tí mo wà ò ní ìlú mìíràn tí wọ́n ń padà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Ṣùgbọ́n létí tèmi, ìletò tún kéré ju abúlé lọ. Mi ò tíì gbà fún Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà yọ ‘ìjọ’ kúrò ní ìlà yẹn kẹ́ ẹ tó fi àkójọ náà ránṣẹ́, kí èmi àti Àǹtí lè máa fa èyí tó kù.