Ooru ọ̀tọ̀, ìgbóná ọ̀tọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lórí ọ̀rọ̀ físíìsì, pé ká máa pe ohun tí iná ń fún nǹkan (heat) ní “ìgbóná”, ká wá máa pe nọ́ńbà tí tẹmómítà ń kà (temperature) ní “ìgbónásí”, n ò lè fara mọ́ ọn, ẹ má bínú sí mi. Lójú tèmi, “ooru” ló yẹ ká máa pe àkọ́kọ́, ká máa pe ìkejì ní “ìwọ̀n ìgbóná”.

Òṣogbo ni mo wà, ìlú aró, àǹtí tó tọ́ mi dẹ̀ ń ṣe adìrẹ alábẹ́là, èyí tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ya iṣẹ́ sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìkòkò àbẹ́là rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ gbé e kaná, iná ń jó lábẹ́ ẹ̀ o, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí èyí tí ò tíì yọ́ bá ṣì wà nínú ẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbóná sí i, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá yọ́ tán báyìí ló máa gbóná wàràwàrà, tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Tí ò bá gbóná tó, orí aṣọ ló máa dì sí, kò ní wọnú òwú, aró á wá gba abẹ́ ẹ̀ wọlé. Tó bá sì gbóná jù, á ràn kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé. Àǹtí mi ò ní tẹmómítà, gbólóhùn méjì ló ní: “dín iná ẹ̀ kù” àti “ó ti gbóná tó.” N ò gbọ́ kó fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì rí. Ohun tó ń wọnú ìkòkò, ọ̀tọ̀. Ibi tí ìkòkò gbóná dé, ọ̀tọ̀.

Omi náà ńkọ́? Kìló omi kan, ká gbé e láti 25 dé 100 dìgíríì, á gba nǹkan bíi 314 kilojoule (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ooru ṣe pọ̀ tó). Tó bá ti wá ń hó, ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ dúró tì í títí, nǹkan bíi 100 yẹn náà lẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ kí kìló kan yẹn tó hó gbẹ tán, á tún gba bíi 2,260 kilojoule lé e, ìyẹn ìlọ́po méje ti àkọ́kọ́! Gbogbo ẹ̀ ni omi ń ná láti fi tú ká di afẹ́fẹ́. Tá a bá wá pe ohun tó ń wọlé ní ìgbóná, ohun tá a máa kọ sínú ìwé ọmọ iléèwé ni pé “ìgbóná ń wọnú omi ṣùgbọ́n omi ò gbóná sí i.” Ta ló máa yé? Ooru ló ń wọlé. Àwọn òyìnbó gan-an pa méjèèjì pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, Joseph Black, ará Skọ́tlándì, ló là wọ́n láàárín àwọn ọdún 1760, yìnyín tó ń yọ́ tí ò gbóná sí i wà lára ohun tó fi hàn án.

Ẹ ní ooru ti ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀: ó ń mú wa lóru tí iná bá lọ, ó tún ń jáde lórí àmàlà. Òótọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ ò da nǹkan rú, ooru kan náà ni. Ti àmàlà, ẹ jẹ́ ká pè é ní “ooru omi”, ó parí.

Ìgbónásí yẹn ló ń dùn mí jù. Etí Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á máa dúró de ìyókù, gbóná sí kí ni? “Ìwọ̀n ìgbóná” ti tó. Ẹnì kan bèèrè pé yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ òdo, ìgbóná wo ló ní tá a fẹ́ wọ̀n. Ṣebí tá a bá fẹ́ mọ bí aràrá ṣe rí, “báwo ló ṣe ga tó” náà la máa bèèrè. Òdo yẹn gan-an, èèyàn ló fi í síbẹ̀: nígbà tí Celsius, ará Swídìn, ṣe ìwọ̀n tiẹ̀ lọ́dún 1742, ibi tí omi ti ń hó ló pè ní òdo, ó pe ibi tó ti ń dì ní 100, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n yí i padà. Yìnyín sì ní ooru nínú. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru tó ń fà yọ lára omi inú ẹ̀ ló ń dà síta níbẹ̀, omi tó ti di yìnyín náà ó ṣì ń fà á lára ẹ̀. Ní ti àwọn àgbà tí ò fẹ́ pe ìgbóná nítorí àìsàn ọjọ́sí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn (smallpox), mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ọdún 1980 ni wọ́n ti kéde pé àìsàn yẹn ti tán láyé.

Ó ku “wú” tí wọ́n fẹ́ máa lò fún bí irin ṣe ń tóbi sí i tí ooru bá mú un (expansion). Rárá o. Gààrí ló ń wú, ẹ̀wà ló ń wú, wọ́n mu omi ni. Irin ń fẹ̀ ni. Ẹ lọ wo àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín irin ojú rélùwéè, irin tó gùn tó mítà 12, tí ìwọ̀n ìgbóná ẹ̀ bá fi 30 dìgíríì lọ sókè láti àárọ̀ dé ọ̀sán, á fi bíi mìlímítà mẹ́rin gùn sí i. Gààrí tó wú ti wúwo ju bó ṣe wà lọ. Irin tó fẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, bó ṣe wúwo láàárọ̀ náà ló ṣe máa wúwo lọ́sàn-án.