Maṣíìnì tí mo fi ń rán awọ onírun ń fo ojú rírán, ẹ gbà mí o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo maṣíìnì awọ onírun, èyí tó ní àwo roboto méjì tó ń di etí awọ mú, tèmi ti ń fo ojú rírán látọjọ́ mẹ́ta, mo ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́, mo ti gbọn irun tó há sídìí àwo kúrò, mo kán ọ́ìlì sí i, pàbó ló já sí. Ṣé lúpà, irin kékeré tó ń gba òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́, ló jìnnà sí abẹ́rẹ́ ni àbí àwo yẹn ò di awọ mú dáadáa?

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni mọ́tò ẹ̀, tí mo bá pa á ó ṣì máa ń yí fúngbà díẹ̀, lánàá ẹsẹ̀ mi ṣèèṣì tẹ pẹ́dàlì níbi tí mo ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, díẹ̀ ló kù kó gún mi níka. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí ò fi ní yí mọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án?