Ṣé ìpẹ̀ta tí a fi ń pa ara lè da warfarin rú?

Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń gún èèpo egbò ìpẹ̀ta, tí wọ́n ń pò ó mọ́ òrí, tí wọ́n sì fi ń ra orúnkún tó ń dùn wọ́n ní alaalẹ́. Bí mo bá ṣí ìgò náà, òórùn rẹ̀ a ta sí mi nímú bí ìpara tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń ra ẹsẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé methyl salicylate, tí í ṣe ìbátan aspirin, wà nínú ìpẹ̀ta náà. Mo mọ̀ pé májèlé ni egbò yìí bí ènìyàn bá mu ún lámujù, ṣùgbọ́n wọn kò fi kan ẹnu.

Ẹlẹ́wé ọmọ tó tà á ní kò séwu. Apòògùn tí mo bi kò gbọ́ orúkọ ìpẹ̀ta rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní orúnkún àwọn ti ń ṣẹ́ po dáadáa. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo rí i tí apá wọn dúdú bí ibi tí a gbá, bẹ́ẹ̀ wọn kò ṣubú.

Ǹjẹ́ ìpẹ̀ta tí a fi pa awọ ara nìkan lè wọnú ẹ̀jẹ̀ débi tí yóò fi mú warfarin le jù, ṣé àyẹ̀wò INR, èyí tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì, nìkan ló sì lè fi í hàn?